Ta Ló Gbé Omi Ogójì Ilé?

Nígbà tí Godwin ṣí ẹnu ẹ̀rọ omi láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, afẹ́fẹ́ ló jáde.

Ó fọn fùù lẹ́ẹ̀kan, ó sì dákẹ́. Ogójì kẹ́ẹ̀gì ló tò sórí afárá pákó, oníkálukú dúró ti tirẹ̀. Godwin fi ìkúùkù gbá táńkì náà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó dún bí ohun tí kò ní nǹkan nínú. Táńkì tí wọ́n rọ omi kún dé ẹnu lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ẹgbẹ̀rún márùn-ún lítà, ti gbẹ. Àgádágodo ẹnu ẹ̀rọ kò já. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kan ṣoṣo wà lọ́rùn Godwin, níbi tí gbogbo ìlú ti ń rí i lójoojúmọ́.

Nítorí náà, kí oòrùn tó mú, gbogbo Ìlú Tuntun ti mọ olè.

Ìsìpẹ́kítọ̀ Sàlímátù dé láti Igbókòdá lọ́jọ́ kejì. Ọdún kejìlélọ́gbọ̀n rẹ̀ rèé nídìí iṣẹ́ ọlọ́pàá. Ó ku oṣù mẹ́sàn-án kó fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti fẹ̀yìn tì ṣáájú rẹ̀. Ìsìmáílà, awakọ̀ tó gbé e wá, ní láti fà á lọ́wọ́ kó tó lè gun èbúté.

"Mo ti mú olè ọkọ̀," ó ní, bó ti ń mí hẹlẹ. "Mo ti mú olè ẹ́ńjìnnì, mo ti mú olè ẹja gbígbẹ. Ó wá ku olè omi. Omi níwájú, omi lẹ́yìn, wọ́n ní ẹnì kan jí omi."

"Màmá, omi tí wọ́n ń wí kọ́ nìyí," Ìsìmáílà dáhùn.

"Mo mọ̀. Ṣebí ọmọ etí odò ni èmi náà."

Ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Àwọn tí òkun lé kúrò létí ilẹ̀ ló kọ́ Ìlú Tuntun sórí òpó. Kànga ẹ̀rọ tí wọ́n gbẹ́ síbẹ̀ kò lo ọdún méjì tí iyọ̀ fi wọ inú rẹ̀. Láti ìgbà náà, ọkọ̀ agbómi ló ń gbé omi wá ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, omi tí wọ́n ti da oògùn sí kó má baà ṣe ènìyàn ní jàǹbá. Ilé kọ̀ọ̀kan á san owó omi. Ẹni tí kò bá ní, omi odò ni yóò máa mu, òun àti ìgbẹ́ gbuuru á sì jọ máa gbé. Lọ́dún tó kọjá ni ìjọba gbé ètò kan dé tí wọ́n pè ní Omi Ìrọ̀rùn. Wọ́n ní àwọn á máa san ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin owó omi fún ogójì ilé tí kò ní lọ́wọ́ jù lọ. Wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ nọ́ńbà sára ògiri ilé náà. Ilé tí nọ́ńbà bá wà lára rẹ̀, ọkàn onílé balẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni Ṣìkẹ́mi, òṣìṣẹ́ ètò náà ní Àkúrẹ́, ti pe Sàlímátù lórí fóònù.

"Màmá, bó bá jẹ́ ẹni tó ń ṣọ́ táńkì ló jí i, a ó pààrọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọwọ́ ìgbìmọ̀ omi ìlú ló wà níbẹ̀, ìwé ètò sọ pé kí a gbé ìrànwọ́ náà lọ sí ìlú mìíràn. Ẹ jọ̀ọ́, Màmá. Ẹ wò ó dáadáa."

Sàlímátù gbọ́ ohun tó sọ, ó sì gbọ́ èyí tí kò sọ. Ó ti rẹ̀ ẹ́ kó tó wọ ọkọ̀.

Godwin jókòó sílẹ̀ nínú ilé ìpàdé, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Wọn kò dè é, ṣùgbọ́n ọkùnrin méjì jókòó sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí kò ní ibì kankan láti lọ. Promise, ìyàwó rẹ̀, tí oyún rẹ̀ ti wọ oṣù kẹsàn-án, gbé ife omi kan wọlé, ó sì fi ìrọ̀rùn kúnlẹ̀ fún ọlọ́pàá náà.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe létí odò. Ẹni tó bá wọlé tọ̀ ọ́, omi ni wàá kọ́kọ́ gbé fún un, ọ̀rọ̀ á tẹ̀ lé e. Èyí tó dára jù nínú ilé ni wàá gbé fún un. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó wá mú ọkọ rẹ ni, wàá gbé omi fún un.

Sàlímátù mu ún. Iyọ̀ wà nínú rẹ̀, ó sì ń rùn bí ẹrẹ̀ díẹ̀.

"Ẹ má bínú, Màmá," Promise ní. "Omi odò tí a sè ni."

"Kò burú, ọmọ mi. Dìde." Ó yíjú sí ọkọ. "Kọ́kọ́rọ́ yìí, o máa ń bọ́ ọ sílẹ̀?"

"Mo fi ń wẹ̀, Màmá. Mo fi ń sùn."

"Ìgbà wo lo mọ̀ pé omi wà nínú táńkì kẹ́yìn?"

"Àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, kí a tó wọ ilé ìjọsìn. Mo gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó dún dì. Nígbà tí a jáde, ilé ni mo gbà lọ. Mi ò débẹ̀ mọ́ títí di àárọ̀ ọjọ́ Ajé."

"Ta ni kò sí ní ìjọsìn?"

"Gbogbo ìlú ló wà níbẹ̀ láti agogo mẹ́jọ dé mọ́kànlá, àfi Fàsílátù tó ń ta omi inú ọ̀rá. Mùsùlùmí nìyẹn. Bàbá Olówòkéré, alága ìgbìmọ̀ omi, ló gba àdúrà ìbẹ̀rẹ̀, àwọn náà ló gba ti ìparí." Ẹ̀rín kékeré kan sá wọ ẹnu rẹ̀, ó sì tún sá jáde. "Tẹ́lẹ̀, ẹ lè se ẹja jinná kí Bàbá tó ṣe àmín. Lọ́jọ́ yẹn, gbólóhùn mẹ́ta péré ni, wọ́n ń mí gúlegúle. Àwọn ọmọdé ń dúpẹ́."

"Kí ni omi odò ń ṣe lásìkò ìjọsìn?"

"Ó ń fà. Ìgbà tí a máa jáde, ẹrẹ̀ ti hàn lábẹ́ ilé."

Sàlímátù mi orí. Godwin wò ó lójú.

"Màmá, wọ́n ń pa á lówe fún ara wọn pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Wọ́n ní ìjọba á tún gbé òmíràn wá. Ṣùgbọ́n èmi ni agbè tí wọ́n fẹ́ fọ́ yìí. Bẹ́ ẹ bá mú mi lọ, ta ni yóò wà lọ́dọ̀ Promise lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀?"

Sàlímátù ní kó mú òun lọ síbi táńkì.

Táńkì náà dúró lórí pèpéle gíga kan ní èbúté. Sàlímátù yẹ àgádágodo wò, ó yẹ ẹnu ẹ̀rọ wò, ó fọwọ́ pa ara táńkì yí po. Kò sí ihò. Ṣùgbọ́n páìpù rọ́bà gígùn kan ti orí táńkì sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ká a kọ́ sára ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó.

"Kí ni èyí ń ṣe?"

"Òun ni ọkọ̀ agbómi fi ń rọ omi sókè. Ó wọ inú táńkì dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Bàbá Olówòkéré ló ní kí wọ́n tì í débẹ̀ kí omi má baà máa ta dànù. Bí wọ́n bá rọ ọ́ tán, igi la fi ń dí ẹnu rẹ̀."

Sàlímátù yọ igi náà. Funfun ni, ojú ọ̀bẹ ṣì wà lára rẹ̀ bí ẹni pé àná ni wọ́n gbẹ́ ẹ.

"Ó ti pẹ́ tí igi yìí ti wà níbí?"

Godwin gbà á, ó yí i wò. "Rárá o. Dúdú ni tiwa, ó ti gbó. Mi ò rí eléyìí rí."

Obìnrin náà gba igi náà padà, ó sọ ọ́ sínú àpò. Ó sọ ẹnu páìpù náà kalẹ̀ sójú odò. Ẹ̀kán omi kan jáde, ó kán sínú ẹrẹ̀. Ó dúró wò ó fún ìgbà díẹ̀. Omi kò mọ àgádágodo. Ibi tó bá ti lọ sílẹ̀ ló ń wá. Nígbà tí odò bá fà, tí ojú omi bá lọ sílẹ̀ lábẹ́ èbúté, ẹni tó bá yọ igi yìí kò nílò ẹ̀rọ, kò nílò ariwo. Omi á tẹ̀ lé e wá fúnra rẹ̀, láti orí táńkì dé inú ọkọ̀ rẹ̀.

Ó ti mọ ọ̀nà tí omi gbà jáde. Ó ku ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún un.

Fàsílátù kò dúró kí wọ́n bi í.

"Mo mọ̀ pé ẹ máa wá," ó ní, bó ti ń na omi inú ọ̀rá tútù kan sí i. "Ṣebí èmi ni mò ń ta omi. Ṣebí èmi ni mi ò lọ sí ìjọsìn."

Sàlímátù fi eyín ya ọ̀rá náà, ó mu ún. Omi dídùn ni, ó kàn ń rùn bí ọ̀rá díẹ̀. "Wọ́n ní ọjà yín ti kú láti ìgbà tí Omi Ìrọ̀rùn dé."

"Ó kú, mo sì sin ín. Àádọ́ta àpò ni mò ń tà lọ́sẹ̀ tẹ́lẹ̀, mi ò ta mẹ́wàá mọ́. Mo ní ìdí tí mo fi lè bínú. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó ń bínú kọ́ ló ń jalè, Màmá. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, àgọ́ yín ò ní gbà wá."

Ọ̀rọ̀ náà fẹ́ pa Sàlímátù lẹ́rìn-ín. "Níbo lẹ wà lọ́jọ́ Ìsinmi?"

"Ayétòrò. Mo lọ ra ẹja. Ọkọ̀ mi rèé, ẹ lọ wò ó."

Ọkọ̀ ńlá ẹlẹ́ńjìnnì ni. Kí Sàlímátù tó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, òórùn epo bẹntiróòlù ti gbá a nímú. Epo dúró nílẹ̀ ọkọ̀ náà, ó ń tàn yinrin. Omi tí wọ́n bá gbé nínú èyí, ewúrẹ́ kò ní mu ún.

"Ta ló ṣì ń ra omi lọ́wọ́ yín?"

"Àwọn tíṣà. Àti Bàbá Olówòkéré, àpò méjì ní gbogbo ọjọ́ Ajé, òjò ì báà rọ̀. Wọ́n ní àwọn ò ní fẹnu kan omi ìjọba láéláé, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé alága ń jẹ ńbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yìí nìkan ni wọn ò wá. Ìrònú ni, mo rò."

"Ó lè jẹ́ ìrònú," Sàlímátù ní.

Ilé Olówòkéré mọ́ tónítóní. Bàbá ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó rọra ń sọ̀rọ̀, irú àgbà tí ìlú fi ń búra. Ọkọ̀ rẹ̀ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lábẹ́ ilé, ó ń gbẹ. Àjẹ̀ rẹ̀ fẹ̀yìn ti òpó nítòsí rẹ̀. Sàlímátù dúró níbẹ̀ kó tó gun àtẹ̀gùn, ó ṣe bí ẹni tí orúnkún ń dùn. Orúnkún náà sì ń dùn ún lóòótọ́.

"Ẹ ti fọ ọkọ̀ yín, Bàbá."

"Mo fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Omi odò àti ọṣẹ. Mo fẹ́ kùn ún lọ́dà."

Sàlímátù wo ẹ̀yìn ọkọ̀ náà. Iyọ̀ ti gbẹ sí i ní ìlà funfun funfun, bí omi odò ti máa ń ṣe lára igi gbogbo. Ó fọwọ́ pa inú rẹ̀. Kò sí ìpẹ́ ẹja kan, kò sì sí ìlà funfun kan. Ó wo ọwọ́ rẹ̀, kò rí nǹkan kan níbẹ̀.

"Àjẹ̀ yín kúrú."

"Orí rẹ̀ là, mo gé e." Bàbá náà ti yíjú sí àtẹ̀gùn. "Ẹ gòkè wá, ẹ jókòó. Ó ti rẹ̀ yín."

Ó fi àwo gbé ife omi kan wá fún un, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e. Sàlímátù mu ún títí dé ìdí. Kò ní iyọ̀. Kò rùn bí ọ̀rá. Ó dùn, ṣùgbọ́n lẹ́yìn adùn náà, òórùn oògùn díẹ̀ gòkè wá sí imú rẹ̀. Oṣù méjì sì rèé tí òjò ti rọ̀ kẹ́yìn.

"Ẹ̀yin náà ń mu nínú omi táńkì, Bàbá?"

"Láéláé! Ẹnu mi ò kàn án rí. Ẹni tó ń pín ọbẹ̀ kì í lá ṣíbí tó fi ń pín in."

"Òótọ́ ni." Ó gbé ife náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́. "Ẹ jẹ́ kí n rí ìwé tí ẹ kọ orúkọ sí."

Ìwé náà mọ́ bí ilé rẹ̀. Ogójì orúkọ, ogójì nọ́ńbà. Nísàlẹ̀, orúkọ kan wà tí wọ́n ti fi bírò pupa fa igi lé lórí: Jọọlá. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé: kò nílé.

"Ta ni Jọọlá?"

"Àbúrò mi ni. Ọmọ ìyá mi. Òkun gbé ilé rẹ̀ lọ lọ́dún tó kọjá. Òun àti ìdílé mẹ́fà mìíràn ló wà ní Etí-Òkun lábẹ́ tapólì. Ìwé ìjọba ní ilé tó bá ní nọ́ńbà. Níbo ni a ó kọ nọ́ńbà sí? Mo kọ lẹ́tà sí wọn lẹ́ẹ̀mẹta. Wọn ò dáhùn."

"Ta ló fa bírò yìí?"

"Ọwọ́ mi ni," Olówòkéré ní. Ó wo ọwọ́ náà bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni.

Etí-Òkun kò jìn. Ìsìmáílà pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n fi àjẹ̀ wọ ibẹ̀ nítorí omi ti fà. Tapólì méje ló wà lórí iyanrìn, òkun ń ké lẹ́yìn wọn. Obìnrin àgbà kan jókòó, ó ń fọ ọwọ́ ọmọdébìnrin kan tó rù gan-an. Ọṣẹ tó fi ń fọ̀ ọ́ ń hó funfun. Sàlímátù dúró wo ọṣẹ náà. Nínú omi odò níbí, ẹni tó bá fi ọṣẹ fọwọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní rí ìhó kankan.

Obìnrin náà, Jọọlá, dìde kíá, ó bu omi nínú dúrọ́ọ̀mù kan tó kún dé ìdajì. Sàlímátù gbé e sẹ́nu. Òórùn oògùn díẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Omi yín dára, Màmá."

"Ìjọba ni!" Ojú obìnrin náà tàn. "Ìjọba rántí wa. Ọjọ́ Ìsinmi ni. Bùọ̀dá mi, Olówòkéré, ló fi ọkọ̀ gbé e wá. Inú ọkọ̀ náà mọ́, omi kún un bámúbámú. Ó ní ìjọba ló ní kóun gbé tiwa wá fún wa. A bu ú sínú gbogbo ohun tí a ní. Kò tilẹ̀ jókòó. Ó ní òun fẹ́ padà sí ìjọsìn."

"Ṣé ara àwọn ọmọ ti ń yá?"

"Eléyìí ti jẹun lónìí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni kò dúró. Ìtẹ́olúwakìṣí lorúkọ rẹ̀. Ọmọ mi ló bí i. Oṣù tó kọjá ni, ìgbẹ́ gbuuru, ọjọ́ méjì péré." Ó nu ọwọ́ ọmọ náà gbẹ, ìka kọ̀ọ̀kan. "Omi náà ìbá tètè dé díẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n a ò lè bínú. Ọ̀nà ìjọba jìn, ó ṣáà dé. Ẹ̀yin tí ẹ ń bá wọn ṣiṣẹ́, ẹ bá wa dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn."

Sàlímátù ní òun á bá wọn dúpẹ́. Ó padà sínú ọkọ̀, ó jókòó, ó sì bo ojú rẹ̀. Ìsìmáílà rò pé oòrùn ni.

Nígbà tó padà dé ilé Olówòkéré, bàbá náà ṣì wà níbi tó fi í sí. Sàlímátù gbé àjẹ̀ náà dání gòkè. Ó yọ igi funfun náà nínú àpò rẹ̀, ó fi í lé orí àjẹ̀ níbi tí wọ́n ti gé e. Ìlà igi wọ ìlà igi.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ gbé omi ogójì ilé."

Olówòkéré wo àjẹ̀ náà.

"Kò sí ọmọ Ìlàjẹ tó ń fi ọ̀bẹ gé àjẹ̀ rẹ̀," Sàlímátù ń bá a lọ, ohùn rẹ̀ kò le. "Ẹni tó bá gé e, kò sí igi mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀ ni, kò sì sí àyè. Ẹ ní omi odò lẹ fi fọ ọkọ̀, ṣùgbọ́n iyọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, kò sí nínú rẹ̀. Omi dídùn ló kẹ́yìn nínú ọkọ̀ yẹn. Ẹ ò ra omi lọ́wọ́ Fàsílátù lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ ní ẹnu yín ò kan omi táńkì rí, ẹ sì gbé e fún mi mu."

"Kẹ́ẹ̀gì kan ló ṣẹ́ kù nílẹ̀ ọkọ̀," bàbá náà ní níkẹyìn. "Èmi ò mu ún. Mi ò kàn lè dà á nù. Ẹ wá dé bí àlejò, ẹ ń tiro. Omi iyọ̀ nìkan ló kù nínú ilé. Ọwọ́ mi kọ̀ láti gbé e fún yín."

"Ẹ sọ ọ́ fún mi bó ṣe rí."

"Ọkọ̀ kan ni mo fẹ́ gbé. Ọkọ̀ kan péré, kò ju ọgbọ̀n kẹ́ẹ̀gì lọ. Mo ní kò ní hàn nínú táńkì. Mo gba àdúrà ìbẹ̀rẹ̀, mo gba ẹ̀yìn jáde. Nígbà tí mo yọ igi ẹnu páìpù, ó bọ́ lọ́wọ́ mi, omi tó ń fà sì gbé e lọ. Ọkọ̀ mi kún, mi ò ní ohun tí mo lè fi dí i. Mo ṣẹ́ páìpù náà po, mo fi há àárín òpó èbúté àti ọkọ̀ ẹnì kan tí wọ́n so mọ́ ọn. Ó há dáadáa, omi dúró. Mo wa ọkọ̀ mi lọ." Ó fọwọ́ pa ojú ibi tó gé lára àjẹ̀ náà. "Nígbà tí mo fi máa padà, omi ti fà sí i, ọkọ̀ yẹn ti bá omi lọ sílẹ̀, páìpù ti tú. Gbogbo rẹ̀ ti dà sódò. Ọmọ ọdún mẹ́fà nílùú yìí mọ̀ pé ọkọ̀ kì í dúró sókè nígbà tí omi bá ń fà. Mo kọ́ àwọn ọmọ wọn. Ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni mo ti ń bá omi yìí gbé, mo gbàgbé, nítorí pé mò ń kánjú, tí ẹ̀rù sì ń bà mí. Mo gé àjẹ̀, mo dí ẹnu páìpù tó ti gbẹ, mo sáré lọ ṣe àmín."

"Ẹ wá ń wò wọ́n bí wọ́n ti mú Godwin."

"Ìwé yẹn ni, Màmá. Bí wọ́n bá mọ̀ pé alága ni, wọ́n á gbé ìrànwọ́ lọ. Ogójì ilé. Mo ní ẹnì kan ṣoṣo, kí ogójì ilé lè mu omi. Mo ní èmi á máa bọ́ ìyàwó rẹ̀."

"Ẹ sì ti fi bírò pupa fa igi lé ẹnì kan lórí tẹ́lẹ̀ nítorí ìwé náà. Ẹ tún fẹ́ fà á lé ẹnì kejì."

Bàbá náà bú sẹ́kún. Kò pariwo. Sàlímátù jókòó tì í, ó jẹ́ kó sunkún. Ó ti rẹ òun náà dé eegun.

"Mo lè kọ ọ́ pé igi ló yọ fúnra rẹ̀," ó ní lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. "Àkúrẹ́ á gbà á, wọ́n tilẹ̀ fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlú kò ní gbà á. Títí Godwin á fi kú, olè omi ni wọ́n á máa pè é, wọ́n á sì máa pe ọmọ inú oyún yẹn ní ọmọ olè omi. Ká ní mo mọ ọ̀nà kẹta, Bàbá, ǹ bá sọ ọ́."

Olówòkéré nu ojú rẹ̀. Ó dìde, ó wọ aṣọ funfun rẹ̀, ó sì ṣáájú rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.

Ó sọ ọ́ nínú ilé ìpàdé níwájú gbogbo wọn, ó kúrú bí àdúrà ọjọ́ Ìsinmi yẹn. Àgbà tó lè bí Godwin lọ́mọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un. Fàsílátù nìkan ló sọ̀rọ̀, ó sì ń sunkún bó ti ń sọ ọ́: "Ẹ bá ti bá mi sọ ọ́, Bàbá. Omi ni mò ń tà, kì í ṣe òkúta." Godwin bọ́ kọ́kọ́rọ́ kúrò lọ́rùn, ó gbé e sórí tábìlì. Promise dì í lọ́wọ́ mú lọ sílé. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ náà.

Sàlímátù pe Àkúrẹ́ láti èbúté. Ṣìkẹ́mi gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán.

"Ìwé ni yóò sọ, Màmá. A ó dá ọkọ̀ agbómi dúró ná. Mi ò mọ ohun tí wọ́n máa ṣe lẹ́yìn ìyẹn."

"Ìwé yẹn ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọmọ mi. Mo ti kọ ìdílé méje mọ́ ọn nínú ìròyìn mi. Níbi tí ẹ ní kí a kọ nọ́ńbà ilé sí, mo kọ 'òkun'. Fi hàn wọ́n."

Ìrọ̀lẹ́ ti ń lẹ́ nígbà tí wọ́n ṣí. Olówòkéré jókòó láàárín ọkọ̀, wọn kò fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́. Ẹ̀bá Etí-Òkun ni ọ̀nà gbà. Sàlímátù fẹ́ kí Ìsìmáílà sáré kọjá, ṣùgbọ́n omi kò tíì kún, wọ́n ní láti rọra. Jọọlá rí wọn. Ó sáré dé etí omi, ọmọdébìnrin náà wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń ju ọwọ́.

"Bùọ̀dá mi! Níbo lẹ ń lọ pẹ̀lú ìrọ̀lẹ́ yìí?"

Bàbá náà dìde dúró nínú ọkọ̀. Ó tún aṣọ funfun rẹ̀ ṣe.

"Igbókòdá ni," ó pariwo padà. "Mo fẹ́ lọ bá yín dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọba."

"Ẹ ṣeun o! Ẹ bá wa kí wọn dáadáa!"

Ó ní òun ti gbọ́. Ó jókòó padà, ó gbé ọwọ́ lé itan, kò sì wẹ̀yìn mọ́ títí wọ́n fi dé àgọ́ ọlọ́pàá.